Ta Ni Ó Mọ Ìtàn Ọkọ̀? Àgbéyẹ̀wò Níní àti Títọ́jú Píkọ́ọ̀pù Oní-díísù ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn ènìyàn ṣe ń ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù oní-díísù, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ayé lọ́rì onígi títí di òde òní. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé irin tó nípọn ni ó ń mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn ni pé ìmọ̀ nípa ìtàn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí olówó ọkọ̀, awakọ̀ àti mẹkáníìkì jọ ń pa mọ́, kó ipa tó ju ti irin lọ. A pín ìtàn náà sí ìgbà mẹ́rin, a sì fi hàn bí ìmọ̀ yìí ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní ìparí, a dá àbá fún àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì wa mu. Nígbà tí wọ́n bá wọ́ píkọ́ọ̀pù kan tó kú sójú ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó mọ iṣẹ́, sípánà kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ mú. Ìbéèrè ni ó máa ń bi awakọ̀: Ìgbà wo lẹ pa ọ́ìlì dà kẹ́yìn? Níbo lẹ ti ra díísù àná? Kí ó tó kú, ṣé èéfín funfun ni ó ń rú àbí dúdú? Ṣé ó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀? Ta ló tú pọ́ǹpù rẹ̀ rí? Ohun tí ọ̀gá náà ń wá kò ju ìtàn ọkọ̀ lọ. Ibi tí ìtàn náà bá já sí ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Orí kókó yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ohun ìyanu láti rí píkọ́ọ̀pù oní-díísù tó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ń kó iṣu, pákó tàbí símẹ́ńtì lójoojúmọ́. Bí a bá béèrè ohun tó mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìdáhùn tí a sábà ń gbọ́ ni pé irin àtijọ́ le ju ti òde òní lọ. Ìdáhùn yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ọkọ̀ méjì lè jáde ní ilé-iṣẹ́ kan náà ní ọjọ́ kan náà, kí ọ̀kan di ẹrù àwọn tó ń ra àlòkù irin láàárín ọdún mẹ́fà, kí èkejì sì wà lójú pópó lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Irin kan náà ni wọ́n. Ìtọ́jú ni ó yàtọ̀. Ìtọ́jú kò sì lè dúró láìsí ìmọ̀ nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà sẹ́yìn.

Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí a pè ní píkọ́ọ̀pù ni ọkọ̀ kékeré tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ti èrò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹrù. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí lọ́rì, nítorí pé ọ̀dọ̀ lọ́rì ni píkọ́ọ̀pù ti jogún ètò níní àti ètò títọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tó ya ẹ́ńjìnnì díísù sọ́tọ̀.

2.0 Bí Ẹ́ńjìnnì Díísù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Paris ní ọdún 1858, ni ó ni orúkọ tí ẹ́ńjìnnì yìí ń jẹ́. Ó gba ìwé àṣẹ lórí èrò rẹ̀ ní ọdún 1893, ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ dáadáa sì jáde ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wọ̀nyí tóbi, wọ́n sì wúwo ju ohun tí ọkọ̀ lè gbé lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1923 àti 1924 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ní Jámánì tó gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ní ọdún 1927, ilé-iṣẹ́ Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ǹpù tí ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì jáde lọ́pọ̀ yanturu. Láti ìgbà náà ni díísù ti di ohun tí ọkọ̀ lè máa lò káàkiri àgbáyé.

Nínú ẹ́ńjìnnì oní-bẹntiróòlù, afẹ́fẹ́ àti epo jọ ń wọlé, pọ́lọ́ọ̀gì ni ó sì ń ṣáná sí wọn. Díísù kò ní irú pọ́lọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnnì máa ń tẹ̀ pọ̀ nínú sìlíńdà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù àtijọ́, afẹ́fẹ́ tó kún àyè ńlá ni a ń tẹ̀ sínú àyè tó kéré tó ìdá kan nínú ogún rẹ̀. Ìtẹ̀pọ̀ yìí ń mú kí afẹ́fẹ́ náà gbóná débi pé, bí nọ́súlù, ìyẹn ẹnu tí epo ń gbà fọ́n wọlé, bá ti fọ́n díísù sí i, epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí ìtẹ̀ líle yìí ni ara ẹ́ńjìnnì díísù ṣe gbọ́dọ̀ nípọn. Ibẹ̀ ni òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ irin ti wá.

Láti inú àlàyé yìí ni a ti lè mọ àwọn ọ̀tá ẹ́ńjìnnì díísù. Àkọ́kọ́ ni omi àti ìdọ̀tí inú epo, nítorí pé díísù náà ni ó ń fi òróró sí ara pọ́ǹpù àti nọ́súlù. Èkejì ni eruku, pàápàá lásìkò ọyẹ́ àti lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Ẹ̀kẹta ni ọ́ìlì tó ti gbó, tí èérí ẹ̀fin ti sọ di dúdú. Ẹ̀kẹrin ni ìgbóná àpọ̀jù nígbà tí omi bá gbẹ nínú radíétọ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú wọn kì í sábà pa ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ba á jẹ́, láìsí ariwo. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ kí díísù pẹ́ fi gbọ́dọ̀ máa ka ọjọ́.

3.0 Ìgbà Lọ́rì Onígi

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní nǹkan bí ọdún 1906 ni ọ̀nà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba amúnisìn ni ó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ ojú ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí fi dá sí i. W. A. Dawodu ní Èkó wà lára àwọn ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tó ń kó ọkọ̀ wọlé, tó sì ń tún ọkọ̀ ṣe. Ní Ìbàdàn, Salami Agbaje, oníṣòwò ńlá, wà lára àwọn tó fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣe òwò. Nígbà tí kòkó wá gbilẹ̀, lọ́rì di ohun tí kò ṣeé má nìí láàárín oko àti ìlú.

Àwọn òyìnbó kì í sábà ta odidi ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì ni wọ́n ń kó wá; àwọn káfíńtà wa ni ó ń fi pákó kan ilé sí i lẹ́yìn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ sí bọ̀lẹ̀kájà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó ń parí iṣẹ́ ara ọkọ̀ náà. Nítorí náà, bí pákó bá jẹrà tàbí tó bá fọ́, ẹni tó kàn án mọ bí yóò ṣe tún un kàn.

Owó ọkọ̀ pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ. Àwọn kan ń fi owó kòkó rà á, àwọn mìíràn ń fi owó ẹ̀súsú, ọ̀pọ̀ sì ń rà á láwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ètò àwìn yìí gbilẹ̀ débi pé ní ọdún 1965, ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin lórí rẹ̀. Lára ohun tí òfin náà sọ ni pé bí oníbàárà bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, ẹni tó tà á kò lè gbà á padà mọ́ àfi nípasẹ̀ ilé-ẹjọ́. Òfin yìí jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ọkàn olówó ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kí gbèsè tó tán, ọkọ̀ lè lọ, kí gbèsè sì kù. Ìtọ́jú ọkọ̀ jẹ́ ọ̀nà àtisan gbèsè.

Ta ni ó mọ ìtàn ọkọ̀ ní ìgbà yìí? Ènìyàn mẹ́ta ni. Olówó ọkọ̀ mọ ọjọ́ tó rà á. Awakọ̀ mọ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọmọ ọkọ̀, tí ń fọ̀ ọ́, tí ń pọn omi sí i, tí ó sì ń sùn sínú rẹ̀ lóru láti ṣọ́ ẹrù. Ọmọ ọkọ̀ yìí náà ni yóò di awakọ̀ lọ́la. Nípa bẹ́ẹ̀, ìtàn ọkọ̀ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láìjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

4.0 Ìgbà Díísù àti Píkọ́ọ̀pù

Bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ lọ́rì àkọ́kọ́ ń lò. Ní ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ́ńjìnnì díísù tirẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni Mercedes 911 ti Jámánì wá gbòde, ọkọ̀ tí a ṣì ń rí lẹ́nu iṣẹ́ igi gẹdú títí di òní. Àwọn mẹkáníìkì tó tọ́wọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì lọ́rì wọ̀nyí ni wọ́n wá tọ́jú píkọ́ọ̀pù nígbà tí ó dé.

Ọ̀nà méjì ni píkọ́ọ̀pù gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan wá láti ilẹ̀ Faransé. Peugeot ti fi díísù sínú ọkọ̀ 403 láti ọdún 1959. Ó gbé 504 jáde ní ọdún 1968, píkọ́ọ̀pù 504 sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1979. Ẹrù rẹ̀ lè lé ní tọ́ọ̀nù kan. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ wà lára àwọn ará ìlú, àti ní Tógò, àwọn ènìyàn ń pe píkọ́ọ̀pù 404 àti 504 ní bâché, nítorí aṣọ tapólì tí wọ́n ń fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tí ń to Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1975, ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ 504 tó ti ibẹ̀ jáde ń lò.

Ọ̀nà kejì wá láti Japan. Toyota gbé Hilux jáde ní ọdún 1968, nígbà tí àwọn ọdún 1970 sì ń parí lọ ni ó fi díísù sí i. Ẹ́ńjìnnì díísù tí Hilux lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni 2L tó jẹ́ líta 2.4, 3L tó jẹ́ líta 2.8, àti 5L tó jẹ́ líta 3. Òkìkí Toyota wọ̀nyí kàn dé ojú ogun. Ìjà tó wáyé láàárín Chad àti Libya ní ọdún 1987 ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Ogun Toyota, nítorí àwọn píkọ́ọ̀pù tí àwọn ọmọ ogun Chad lò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bẹntiróòlù tó rọ̀ lówó kò jẹ́ kí àwọn aládàáni tètè sáré sí píkọ́ọ̀pù oní-díísù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba, àwọn tí ń ṣe ọ̀nà, àti àwọn ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, irú èyí tó wà ní Èkìtì àti Àkókó àti ní apá Àríwá Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1980, ni wọ́n sábà ń lò ó. Nígbà tí ìjọba bá lò ó tì, wọn a tà á ní gbàǹjo. Àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò a rà á, a sì fà á lé mẹkáníìkì lọ́wọ́, ọkọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ ayé kejì.

Inú ọgbà iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìbẹ̀rẹ̀ ti mọṣẹ́ kí wọ́n tó lọ dúró fúnra wọn, tí wọ́n sì gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Sara Berry, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1985 lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó àti àwọn ọmọ wọn, ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwọn mẹkáníìkì Ilé-Ifẹ̀. Ó hàn nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé owó kòkó tí bàbá rí ni ọmọ fi kọ́ṣẹ́, nígbà mìíràn tó sì fi ra irinṣẹ́. Òbí a mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, wọn a kọ ìwé àdéhùn, ọmọ a sì lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù.

Ohun tí ọmọ ń kọ́ kì í ṣe títú àti dídè nìkan. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń ka èéfín. Èéfín dúdú fi hàn pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ pé fílítà afẹ́fẹ́ ti dí tàbí nọ́súlù ń jò. Èéfín tó dà bí aró fi hàn pé ọ́ìlì ń jóná nínú ẹ́ńjìnnì. Èéfín funfun lè jẹ́ epo tí kò jóná tàbí omi tó ń wọ ibi tí kò yẹ. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń fi etí mọ sìlíńdà tí kò ṣiṣẹ́. Ọ̀gá a máa tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́súlù díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá tú ọ̀kan, tí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, sìlíńdà yẹn wà láàyè. Bí ohùn kò bá yí padà, ibẹ̀ ni àrùn wà. Sípánà kan àti etí méjì ni iṣẹ́ yìí ń béèrè.

Ẹ́ńjìnnì ìgbà náà sì fàyè gba irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú pọ́ǹpù rẹ̀ ni ọwọ́ lè kàn, tí ojú sì lè rí. Bí bátìrì kú lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbiná, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì lè rìn délé. Ẹ̀rọ náà àti ìlànà ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá ara wọn mu bí ìkòkò àti ọmọrí.

5.0 Ìgbà Tòkunbọ̀

Ní ọdún 1982, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọ̀pọ̀ ọjà wọlé láìgbàṣẹ. Ní ọdún 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP bẹ̀rẹ̀, tí náírà sì pàdánù iyì rẹ̀ lójú owó ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún náà gan-an ni àwọn tó ni Bedford dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ akẹ́rù ńlá dúró. Ọkọ̀ tuntun kúrò ní ohun tí àgbẹ̀, olùkọ́ tàbí oníṣòwò kékeré lè rà. Àwọn tó ní ọkọ̀ di èyí tó wà lọ́wọ́ wọn mú ṣinṣin. Àwọn tí kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ra àlòkù tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti èbúté Kútọnu. Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin àti ọjà Arárọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn, di ibi tí a ti ń wá páàtì àlòkù.

Orúkọ tí a fún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí yẹ fún àkíyèsí. Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé. Ọmọ tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀ ní òbí tó lè sọ ìtàn ìbí rẹ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. A kò mọ ẹni tó lò ó, a kò mọ ọ̀nà tó ti rìn, iye kìlómítà tó wà lójú aago rẹ̀ sì lè jẹ́ èyí tí ẹnì kan ti dá padà sẹ́yìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí, ọkọ̀ dé ọwọ́ olówó rẹ̀ láìní ìtàn.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ewu tó wà níbẹ̀ hàn. Ẹ́ńjìnnì 2L, 3L àti 5L ti Hilux ní bẹ́líìtì rọ́bà kan nínú, tó so písítìnnì àti fáàfù pọ̀ kí wọ́n lè máa rìn bó ti yẹ. Ó yẹ kí a pa á dà ní nǹkan bí 100,000 kìlómítà. Bí ó bá já lójú ìrìn, písítìnnì yóò lu fáàfù, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ pátápátá ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́líìtì yìí kì í pariwo kí ó tó já. Ohun tó dájú jù tó lè kìlọ̀ fún ènìyàn ni àkọsílẹ̀ ìgbà tí a pa á dà kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá tó gbọ́n fi ní òfin kan fún tòkunbọ̀: pa bẹ́líìtì dà, pa gbogbo fílítà dà, da ọ́ìlì àti omi inú rẹ̀ nù, kí o tó gbé ẹrù kankan lé e. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun fún ọkọ̀ tí ìtàn rẹ̀ ti sọnù. Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ tó ka èyí sí ìnáwó asán ni ó ti fi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta iye owó náà ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

6.0 Ìgbà Kọ̀ǹpútà

Láti ọdún 1997 ni irú ẹ́ńjìnnì díísù mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Kọ̀ǹpútà ni ó ń pàṣẹ fún nọ́súlù inú rẹ̀. Hilux tó jáde ní ọdún 2004, tó ń lo ẹ́ńjìnnì D-4D líta 2.5 àti líta 3, wà lára àwọn tó mú un dé ọ̀dọ̀ wa. Nọ́súlù inú ẹ́ńjìnnì Hilux àtijọ́ máa ń ṣí nígbà tí ìtẹ̀ epo bá tó nǹkan bí 150 báà. Nínú èyí tuntun, ìtẹ̀ epo ju 1,000 báà lọ. Èrè wà níbẹ̀: epo tí ọkọ̀ ń jẹ dín kù, èéfín rẹ̀ mọ́, agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. A kò gbọdọ̀ sọ pé ìgbà àtijọ́ sàn ju ti òní lọ nínú ohun gbogbo.

Ṣùgbọ́n omi díẹ̀ àti ìdọ̀tí díẹ̀ tí pọ́ǹpù àtijọ́ lè fara dà lè ba nọ́súlù tuntun yìí jẹ́. Kò sì ṣeé ṣe mọ́ láti tú nọ́ọ̀tì páìpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Epo tó ń tú jáde pẹ̀lú irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gún ara ènìyàn wọlé bí abẹ́rẹ́. Ọgbọ́n tí ọ̀gá fi ogún ọdún kọ́ wá di ohun tó lè pa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lára.

Kókó tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ìtàn ọkọ̀ kò sọnù ní ìgbà yìí. Inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà: àṣìṣe tó ti ṣẹlẹ̀ àti apá ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè kà á nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ fún. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ra ẹ̀rọ náà, wọ́n lè ka nọ́ńbà tó gbé jáde, ṣùgbọ́n wọn kò ní etí tí ọ̀gá ní. Ọ̀gá ní etí, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ. Nọ́ńbà lè sọ pé epo kò tó nínú páìpù. Kò lè sọ bóyá fílítà ni ó dí, bóyá pọ́ǹpù ni ó rẹ̀, tàbí bóyá ọ̀dọ̀ ẹni tí ń da omi sí epo ni awakọ̀ ti rà á. Ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ṣì pọn dandan.

Bí àwọn méjèèjì kò bá bá ara wọn pàdé, àdánù méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kí ó lo ogún ọdún yóò máa lo mẹ́jọ. Ìmọ̀ tí a kó jọ láti ayé bọ̀lẹ̀kájà yóò sì bá àwọn tó ni ín wọ ilẹ̀.

7.0 Ohun Tó Kan Olùkọ́

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982 fẹ́ kí ọmọ iléèwé fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ní ọdún 2011, àwọn iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ inú ètò ẹ̀kọ́ iléèwé girama àgbà, àtúnṣe ọkọ̀ sì wà lára wọn. Ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní ìpele ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí ìjọba tó tún pàṣẹ pé kí ó padà. Ìyẹn ni pé a yọ ìtàn kúrò, a sì fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un, láìrí i pé ọ̀kan ń gbé nínú èkejì.

A kò sọ pé ìlànà ẹ̀kọ́ṣẹ́ àbáláyé kò ní àbùkù. Àwọn ọ̀gá kan a máa fi kókó iṣẹ́ pa mọ́ fún ọmọ títí ọdún yóò fi pé. Àwọn kan a máa lo ọmọ bí ẹrú. Àbùkù tó tóbi jù ni pé wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá kú, ìtàn igba ọkọ̀ ti lọ. Ibí yìí ni iléèwé ti lè ran ọgbà mẹkáníìkì lọ́wọ́, nítorí pé kíkọ nǹkan sílẹ̀ ni iṣẹ́ wa. Nítorí náà, a dá àwọn àbá wọ̀nyí:

(i) Kí olùkọ́ ìtàn yan ọkọ̀ kan tó ti pẹ́ ní agbègbè iléèwé, kí àwọn ọmọ lọ fọ̀rọ̀ wá olówó ọkọ̀, awakọ̀ àti mẹkáníìkì lẹ́nu wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì kọ ìtàn ọkọ̀ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ti bára mu ni wọn yóò ti mọ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò.

(ii) Kí olùkọ́ Yorùbá kó àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń lò jọ, èyí tí wọ́n yá àti èyí tí wọ́n dá. Inú ọgbà iṣẹ́ ni èdè wa ti ń dàgbà jù ní apá yìí, kì í ṣe inú ìwé.

(iii) Kí a fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ ti iléèwé tàbí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí a máa kọ ọjọ́, iye kìlómítà, ohun tí a ṣe, ẹni tó ṣe é àti iye owó sí i. Owó ìwé náà kò tó owó fílítà kan.

(iv) Kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì pe ọ̀gá mẹkáníìkì wá sí kíláàsì, kí wọ́n sì rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lọ sí ọgbà rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ìgbà mẹ́rin ni níní àti títọ́jú ọkọ̀ oní-díísù ti là kọjá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìgbà lọ́rì àti ní ìgbà píkọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, ìtàn ọkọ̀ wà ní ẹnu àwọn tó ń lò ó àti àwọn tó ń tún un ṣe. Ní ìgbà tòkunbọ̀, ìtàn náà já ní etí òkun. Ní ìgbà kọ̀ǹpútà, ìtàn wà, ṣùgbọ́n àwọn tó lè kà á kò pọ̀. Ọkọ̀ pẹ́ níbi tí ẹnì kan ti mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Kì í pẹ́ níbi tí kò ti sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí irin rẹ̀ nípọn tó.

Àwọn ọ̀gá tó tú ẹ́ńjìnnì Bedford, tí wọ́n sì gbọ́ ohùn 504 nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ti di arúgbó báyìí. Àwọn mìíràn ti papò dà. Àwọn tó ṣẹ́ kù ṣì wà nínú ọgbà wọn, wọ́n sì ń dáhùn bí a bá béèrè. Kí a lọ béèrè ni ó kù.